Ẹ̀wù ayẹta tó fúyẹ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́: ọta wo lẹ fẹ́ kó dá dúró?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Sùúrùlérè:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Alábòójútó ni mí ní iléeṣẹ́ aláàbò aládàáni kan. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ mi. Mẹ́jọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ńlá kan ní Marina, mẹ́rin wà ní wíàháòsì ní Àpápá, àwọn méjì yòókù sì máa ń bá ọkọ̀ akẹ́rù rìn pẹ̀lú ọlọ́pàá tó gbé ìbọn. Ọ̀gá wa ní ká wá búlẹ́ẹ̀tìprúùfù tó fúyẹ́ fún wọn. Ẹnì kan gbé onírin wá, èjìká ń ro àwọn tó wọ̀ ọ́ wò. Ẹlòmíì gbé èyí tó fúyẹ́ gan-an wá, wọ́n kọ III+ sára rẹ̀, ó ní kò síbọn tó lè wọ̀ ọ́. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti onírin. Èwo ni ká rà, báwo la sì ṣe fẹ́ mọ ojúlówó?"

Ìdáhùn:

Ẹ má tíì sanwó fún ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tó ní kò síbọn tó lè wọ ọjà òun kò tíì dáhùn ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í: ọta wo, eré mélòó ló ń sá bọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n yìn ín lu pléètì kan ṣoṣo kí wọ́n tó ní ó yege? Ohun tó ń mú aṣọ ayẹta fúyẹ́ ni pé ẹni tó ṣe é ti pinnu irú ọta tí òun ò ní bá jà. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí tó yọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwúwo ò ní le mọ́.

Nǹkan mẹ́ta ni àwọn ọlọ́jà máa ń kó pọ̀ tí wọ́n á pe gbogbo rẹ̀ ní búlẹ́ẹ̀tìprúùfù. Kárííà ni aṣọ òde, tó ní àpò níwájú àti lẹ́yìn, okùn èjìká méjì àti bẹ́líìtì gbàràgàdà tó yí ìhà ká. Kò lè dá ọta kankan dúró. Nylon lásán ni. Pánẹ́ẹ̀lì rírọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ìpele Kevlar tàbí irú òwú bẹ́ẹ̀ tò lérí ara wọn, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí omi kì í wọ̀. Ó wà fún ìbọn ìléwọ́, kò lè dá ti AK dúró. Pléètì ló le gbagidi, òun ló wà fún ìbọn gígùn. Torí náà, bí ẹnì kan bá ń ta "kárííà ayẹta" fún yín ní pọ́ọ́kú, ẹ ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó yọwó. Nígbà míì fóòmù ló máa ń wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣeré ìbọn oníke lókè òkun.

Àwọn nọ́ńbà tó wà lára ọjà, ti Amẹ́ríkà ni. NIJ, iléeṣẹ́ ìwádìí tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ètò ìdájọ́ wọn, ló ń gbé òdiwọ̀n náà jáde. Òdiwọ̀n 0101.06 ti ọdún 2008 ló wà lára ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ máa rí: IIA, II àti IIIA fún ìbọn ìléwọ́, III àti IV fún ìbọn gígùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n gbé 0101.07 jáde, orúkọ sì yí padà: HG1 àti HG2 ni ti ìbọn ìléwọ́ báyìí, RF1, RF2 àti RF3 ni ti ìbọn gígùn. Tuntun àti àtijọ́ á ṣì jọ máa wà lọ́jà fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wá fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ. Level III ti ọdún 2008, ọta kan ṣoṣo ni wọ́n fi dán an wò: 7.62 NATO tí wọ́n ń pè ní M80, ní eré mítà 847 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọn ò fi ọta AK dán an wò. Wọn ò fi 5.56 dán an wò. Pléètì lè gba ìwé-ẹ̀rí III láì sí màgòmágó kankan, kí ọta 5.56 tó ní irin lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní M855, sì gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń ṣe pléètì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ III+ sára èyí tí àwọn fúnra wọn ti fi ọta míì dán wò. Kò sí III+ nínú ìwé NIJ. Pléètì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dáa gan-an, ó sì lè jẹ́ yẹ̀yẹ́. Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ bá ní in lọ́kàn ló jẹ́. Ẹ ní kí ọkùnrin yẹn mú ìwé àbájáde yàrá ìdánwò wá, kí orúkọ ọta, eré rẹ̀ àti iye ìgbà tí wọ́n yìn ín wà níbẹ̀. Bí kò bá rí i mú wá, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Òdiwọ̀n tuntun ló wá dí ihò yẹn. RF1 ń gba M80, ọta AK 7.62x39 tí irin rírọ̀ wà nínú rẹ̀, àti 5.56 M193. RF2 fi M855 kún un. RF3 ló rọ́pò IV, ti ọta .30-06 M2 AP tí wọ́n dìídì ṣe láti fi gún irin, tó ń sá mítà 878. Ẹ rántí pé òdiwọ̀n àtijọ́ kò fi dandan lé e pé kí IV gba ju ọta ẹyọ kan lọ. III ní láti gba mẹ́fà. Àwọn tó gbà pé IV gbọ́dọ̀ dáa ju III lọ ní gbogbo ọ̀nà kì í mọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àwọn èèyàn yín níkọ̀ọ̀kan, torí wọn ò nílò ohun kan náà.

Àwọn mẹ́jọ ti Marina ń ṣí géètì, wọ́n ń yẹ báàgì wò, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìbọn ìléwọ́, ọ̀bẹ àti ìgò fífọ́ ló lè kàn wọ́n. Pánẹ́ẹ̀lì rírọ̀ IIIA tàbí HG2 ló tọ́ sí wọn. Wọ́n fi .44 Magnum tó ń sá mítà 436 dán IIIA wò, ìyẹn ju 9 mm tí ẹ̀ ń rí nígboro lọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá kó o sínú kárííà tó fúyẹ́, gbogbo rẹ̀ á wà láàárín kílò 2 sí 3. Pléètì AK lọ́rùn ẹni tó ń kí àlejò láti agogo mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìyà ni. Kó tó di ọ̀sán, á ti bọ́ ọ sórí àga, aṣọ tó wà lórí àga kò sì dá ọta dúró.

Ti ọ̀bẹ ńkọ́? Àwọn àgbà ní ayẹta, wọ́n sì ní òkígbẹ́. Ẹni tó ní ọ̀kan kò gbà pé òun ti ní èkejì. Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyí. Ọta ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ṣóńṣó, ó máa ń pẹlẹbẹ nígbà tó bá kan òwú Kevlar, òwú náà á sì mú un bí àwọ̀n. Ẹnu ọ̀bẹ ń gé òwú yẹn, irin ṣóńṣó tó rí bí abẹ́rẹ́ sì ń ya á sọ́tọ̀, á gba àárín rẹ̀ wọlé. Òdiwọ̀n ọ̀tọ̀ ni NIJ ṣe fún ìgúnni, 0115.00 ti ọdún 2000. Bí ẹ bá fẹ́ méjèèjì, kí lébù sọ méjèèjì. Irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ máa ń le díẹ̀, ó sì máa ń wúwo ju ti ìbọn nìkan lọ, ṣùgbọ́n fún ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ní Marina, a rò pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ti Àpápá le díẹ̀. Olè tó ń wá wíàháòsì lóru lè gbé AK tàbí ìbọn ìbílẹ̀ wá. Àwọn òdiwọ̀n yìí ò fi ìbọn onípépé dán aṣọ wò rárá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ṣakabùlà tí wọ́n ki ìṣó àti góló sí, torí náà ẹni tó bá fún yín ní ìdánilójú lórí ìyẹn, ẹnu lásán ló ń jẹ. Ohun tá a rò pé ó dáa jù níbẹ̀ ni kárííà tó lè gba pánẹ́ẹ̀lì rírọ̀ àti pléètì pọ̀: kí wọ́n wọ ti rírọ̀ ní gbogbo ìgbà, kí pléètì wà nítòsí ọwọ́ nínú yàrá ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n lè kì í bọ̀ láìpẹ́. Síbẹ̀ náà, òfin Private Guard Companies Act ti 1986 kò gba ẹ̀ṣọ́ aládàáni láyè láti gbé ìbọn. Ẹni tí kò gbé ìbọn kò níṣẹ́ níwájú AK ju kó bọ́ sẹ́yìn ògiri, kó tẹ aago ìdágìrì. Pléètì wà láti ràn án lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn ògiri ni.

Àwọn méjì tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ló nílò pléètì níwájú àti lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà lójú títì. Kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju RF1 lọ, RF2 tí owó bá ká a.

Ó wá kan ohun tí wọ́n fi ṣe é, ibẹ̀ sì ni ìwúwo wà.

Onírin tí wọ́n gbé wá fún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ AR500, irin tí wọ́n fi ń ṣe ojú àmì fún àwọn tó ń kọ́ ìbọn yíyìn. Nínípọn rẹ̀ fi díẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, ẹyọ kan sì máa ń tó kílò 3.5 sí 4. Àìsàn méjì ló ń ṣe é. M193, ọta kékeré tó ń sá tó mítà 990, lè gba inú rẹ̀ kọjá nítorí eré rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá ọta AK tó tóbi jù ú lọ dúró. Èkejì ló burú jù: ọta tó bá kan irin kì í dúró síbẹ̀, ó máa ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀rúnrún rẹ̀ á sì fò káàkiri lójú pléètì, sí àgbọ̀n, sí ọ̀fun, sí apá. Àwọn kan ń fi nǹkan bíi rọ́bà bò ó kó lè gba ẹ̀rúnrún yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọta díẹ̀, ó sì ń fi kún ìwúwo. Bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó, a ò gbà yín nímọ̀ràn láti ra á.

Èyí tó fúyẹ́ yẹn, PE ni yóò jẹ́. Polyethylene ni, ẹbí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di píọ̀ wọ́tà, àfi pé wọ́n fà á di òwú líle, wọ́n tò ó ní ìpele-ìpele, wọ́n sì fi iná àti agbára ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Pléètì kan máa ń wà láàárín kílò 1.2 sí 1.6, ó sì máa ń nípọn tó sẹ̀ńtímítà 2 àbọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeé fi ṣẹ́ẹ̀tì bò. Ó ń dá M80 àti ọta AK lásán dúró dáadáa. Ohun tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ ni irin líle: orí M855, tàbí ọta AK tí irin líle wà nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju omi lọ, ó ń léfòó, ìyẹn sì wúlò fún ẹni tó ń ṣọ́ jẹ́tì tàbí tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà. Kò sọ pé kẹ́ ẹ yọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kúrò o. Ẹni tó wọ onírin ṣubú sómi, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Seramíìkì ni ìkẹta. Ojú rẹ̀ líle máa ń fọ́ ọta, ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ PE tàbí Kevlar á gba èyí tó kù. Alumina ló dínwó jù tó sì wúwo jù. Silicon carbide àti boron carbide fúyẹ́ jù ú lọ, owó wọn sì ga. Pléètì tó ní seramíìkì tín-ín-rín níwájú PE lè wà ní nǹkan bíi kílò 2 sí 2.5 kó sì dá M855 dúró. IV alumina sábà máa ń lé ní 3. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń sán bíi tánńganran. Ẹni tó bá ń ju kárííà rẹ̀ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ní gbogbo àṣálẹ́ lè ti fọ́ pléètì náà nínú láìmọ̀, torí aṣọ tó bò ó kò ní jẹ́ kó hàn. X-ray ló ń fi í hàn dájú. Àwọn tó ń fi ìka gbá a tí wọ́n ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀, ẹ má gbára lé e.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Onírin kílò 3.7 lọ́nà méjì pẹ̀lú kárííà kílò 1.2 jẹ́ kílò 8.6. PE kílò 1.4 lọ́nà méjì pẹ̀lú kárííà tó jẹ́ gíráàmù 700 jẹ́ kílò 3.5. Kílò márùn-ún àti díẹ̀ ló dín kúrò lọ́rùn ẹni kan. Lẹ́yìn náà ni alábòójútó á wá so rédíò, tọ́ọ̀ṣì ńlá, kóńdó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ìgò omi mọ́ ọn, kílò méjì á ti padà. Rédíò àti ohun tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ló yẹ kó wà láyà. Ìyókù, bẹ́líìtì ìbàdí ni kí wọ́n gbé e sí.

Kẹ́ ẹ tó kúrò lórí pléètì, ẹ wá lẹ́tà ICW lára lébù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pánẹ́ẹ̀lì rírọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan kò tó ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tó lè dá dúró, "stand alone" ni wọ́n ń kọ sí i. ICW máa ń fúyẹ́, ó máa ń dínwó, àwọn ọlọ́jà sì máa ń gbàgbé láti sọ ìyókù.

Ní ti kárííà fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gba àkókò yín jù. Nylon 500D tó (D yìí ń sọ bí òwú rẹ̀ ṣe nípọn tó), 1000D lágbára jù ṣùgbọ́n ó wúwo ó sì ń gbóná. Ẹ wo ibi tí okùn èjìká ti so mọ́ àpò: ó yẹ kí wọ́n ti rán an ní àránpọ̀, lọ-bọ̀ lọ-bọ̀, kì í ṣe ìlà òwú kan. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ó ní nẹ́ẹ̀tì tó nípọn tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín ara àti pléètì. Kí ó ní ohun tí wọ́n lè fà lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo rẹ̀ tú, fún ìgbà tí ẹni náà bá gbọgbẹ́ tàbí tó bá ṣubú sómi. Kí àpò gba pléètì pinpin. Bó bá ń mì nínú rẹ̀, ó tóbi jù.

Wíwọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ wo ẹ̀ṣọ́ mẹ́wàá nígboro, ẹ ó rí bíi mélòó kan tí pléètì wọn rọ̀ sórí ikùn. Ìfun ni wọ́n ń dáàbò bò, ọkàn wà lóde. Ọkàn àti àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú rẹ̀ jáde ni pléètì wà fún, torí ẹni tí wọ́n bá yìnbọn fún níbẹ̀ kì í dé ilé ìwòsàn.

Bí ẹ ṣe máa wọn pléètì nìyí. Ẹ fi tépù wọn láti orí ọmú kan dé èkejì, ìyẹn ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ wọn láti kòtò ọ̀fun, níbi tí egungun àyà ti bẹ̀rẹ̀, dé ìdodo, kẹ́ ẹ yọ ìka mẹ́ta kúrò: gígùn rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó fẹ̀ ní ìnṣì 10 tó sì gùn ní ìnṣì 12 ló wọ́pọ̀ lọ́jà, ó sì bá ọ̀pọ̀ ọkùnrin mu. Àwọn tó ń lo ìwọ̀n àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Medium tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 24.1 tó sì gùn ní 31.8, Small sì fẹ̀ ní 22.2, ó gùn ní 29.8. Ẹ̀ṣọ́ kékeré tó wọ èyí tó tóbi jù, etí rẹ̀ á máa gún un ní apá, kò ní lè na ọwọ́ síwájú, bó bá sì jókòó sínú ọkọ̀, ìsàlẹ̀ pléètì á ti itan rẹ̀, á gbé gbogbo rẹ̀ sókè dé ọ̀fun. Fún ẹ̀ṣọ́ obìnrin, ẹ má fún wọn ní ti ọkùnrin tó tóbi ní ìwọ̀n kan. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gé fún àyà obìnrin wà, 0101.07 sì ní ọ̀nà ìdánwò tirẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì-méjì ran ara wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n tú gbogbo okùn. Kí wọ́n ki pléètì bọ̀ kí ojú tó ń gba ìbọn kọjú síta. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i, "strike face" tàbí "wear this side to body". Seramíìkì tí wọ́n wọ̀ sódì ti di ẹrù lásán. Ẹnì kejì á fi ìka sí kòtò ọ̀fun, á sì fa okùn èjìká títí etí òkè pléètì á fi bá ìka rẹ̀ dọ́gba. Ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà ní gíga kan náà. Ọ̀pọ̀ ló ń jẹ́ kí ti ẹ̀yìn lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́: kó mú tó bẹ́ẹ̀ tí pléètì ò fi ní mì tó bá ń sáré, síbẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó sì lè mí kanlẹ̀ láìfún un. Ní báyìí kó jókòó, kó bẹ̀rẹ̀, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kó sáré dé géètì kó padà. Bó bá ti tọ́, ẹ fi òwú pupa tàbí máákà sàmì sí ibi tí okùn dé, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú. Níbi tí ẹni ọ̀sán ti ń bọ́ ọ fún ẹni òru, àmì òwú méjì, àwọ̀ méjì.

Ooru Èkó ò gbọdọ̀ jẹ́ ohun ìgbàgbé. Ẹni tó wọ ayẹta, òógùn rẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́ gbẹ. Kó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó ń tètè gbẹ sábẹ́ rẹ̀, kó ní èyí tó máa pààrọ̀ lọ́sàn-án. Lójú oòrùn gan-an, nǹkan bíi ife omi kan láàárín ogún ìṣẹ́jú ló yẹ. Ìyẹn jẹ́ píọ̀ wọ́tà kan láàárín ogójì ìṣẹ́jú, kó sì jẹun tó ní iyọ̀. Ẹ máa yí wọn po láàárín oòrùn àti ibòòji. Bí òòyì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnì kan, tí orí ń fọ́ ọ, tí òógùn rẹ̀ ṣàdédé dá, ẹ bọ́ ayẹta náà lọ́rùn rẹ̀ kíá, ẹ da omi sí i lára, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ooru ń ba PE náà jẹ́. Ó di nǹkan bíi 145°C kó tó yọ́, ṣùgbọ́n okun òwú rẹ̀ ti ń lọ ṣáájú ìgbà náà, ìwé ìlò ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní kó má kọjá nǹkan bíi 70°C. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí wọ́n tì sójú oòrùn lè dé ibẹ̀. Torí náà kò gbọdọ̀ sùn nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ búùtù. Kevlar ní tirẹ̀ kò fẹ́ oòrùn àti omi. Bí ọ̀rá tó bò ó bá ya, tí òjò Èkó wọ inú rẹ̀, agbára rẹ̀ ti dín kù. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ra ìbòrí méjì fún pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ìbòrí ni wọ́n ń fọ̀, pẹ̀lú ọwọ́, omi àti ọṣẹ tí kò le, láìsí blíìṣì, kí wọ́n sá a síbòòji. Pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, àkísà tó tutù díẹ̀ ni kí wọ́n fi nù ún. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí wọ́n má fi kọ́ ìṣó, kí wọ́n má sì ṣẹ́ ẹ po.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa mọ ojúlówó. Lébù gbọ́dọ̀ wà lára pánẹ́ẹ̀lì tàbí pléètì fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára kárííà nìkan: orúkọ ẹni tó ṣe é, módẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n, nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, òdiwọ̀n àti iye ọdún wáráńtì. "Tested to NIJ" àti "NIJ certified" kì í ṣe ohun kan náà. Èyí tí NIJ fọwọ́ sí wà nínú àkọsílẹ̀ Compliant Products List tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ módẹ́ẹ̀lì náà síbẹ̀ níwájú ọlọ́jà. Ẹ mú sìkéèlì àti mágínẹ́ẹ̀tì dání. PE tí mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ kì í ṣe PE.

Tòkúnbọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Ọdún márùn-ún ni wáráńtì ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì rírọ̀, àwọn ọlọ́pàá òkè òkun á kó èyí tó ti kọjá dànù, á sì dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú aṣọ tuntun. Ẹ tú ìbòrí, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí Zylon tàbí PBO níbẹ̀, ẹ má bèèrè iye rẹ̀. Ní 2003, ọta gba inú ayẹta Zylon kọjá lára ọlọ́pàá kan ní Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìwádìí fi hàn pé òwú náà ń rà láyìíká tó lọ́rinrin, NIJ sì yọwọ́ kúrò lára rẹ̀ ní 2005. Ẹ wá ro ti Èkó.

Kí owó tó jáde, kí ẹni tó kó ọjà wọlé fi End User Certificate hàn yín, èyí tí ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò ń fúnni, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí NSCDC tó fún iléeṣẹ́ yín níwèé àṣẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Àwọ̀ dúdú tàbí búlúù dúdú, kí SECURITY hàn gàgàrà láyà àti lẹ́yìn. Ẹ má ra kamọ́fílájì, bó ti wù kó rẹwà tó.

Bí a bá jẹ́ yín: pánẹ́ẹ̀lì rírọ̀ IIIA tàbí HG2 tó ní ti ọ̀bẹ mọ́ ọn fún gbogbo mẹ́rìnlá, ní ìwọ̀n oníkálukú, pẹ̀lú ìbòrí méjì-méjì. Pléètì RF2 mẹ́rin fún àwọn méjì tó ń rìn pẹ̀lú ọkọ̀, mẹ́jọ sí Àpápá, méjì sílẹ̀ fún ìrọ́pò. Bí owó ò bá tó, ti Àpápá lè di RF1, ṣùgbọ́n ẹ má dín ti ọkọ̀ kù.

Ẹni tí ọta bá kan lórí ayẹta, bó tilẹ̀ ní kò ṣe òun ní nǹkan kan, ẹ gbé e lọ. Òdiwọ̀n gba kí ẹ̀yìn aṣọ wọ inú amọ̀ ìdánwò tó mìlímítà 44, ìyẹn sì lè ṣẹ́ egungun ìhà tàbí kó pa ẹ̀dọ̀fóró lára láìsí ẹ̀jẹ̀ níta. General Hospital Ọ̀dàn ló sún mọ́ àwọn ti Marina, kí dókítà yẹ àyà rẹ̀ wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n bá ní kó dúró. Aṣọ náà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì wọ̀ ọ́ mọ́.